Báwo ni ẹ ṣe ń rántí gbogbo ibi àyẹ̀wò swing gọ́ọ̀fù tuntun nígbà tí ẹ bá dúró sídìí bọ́ọ̀lù?

Ọmọ_Ẹ̀kọ́ kọ pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi níbí. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí mo ti ń kọ́ swing tuntun, ìyẹn bí a ṣe ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, lọ́dọ̀ olùkọ́ kan. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbá gọ́ọ̀fù bí mo ṣe fi ara mi kọ́ ọ, bọ́ọ̀lù mi sì máa ń yà sí apá ọ̀tún tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi mọ́ mi lára láti máa kọjú sí apá òsì kí n tó gbá a. Olùkọ́ mi ní a kò ní máa rẹ́ ògiri yìí mọ́, pé wíwó ni a ó wó o, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ibi àyẹ̀wò mẹ́sàn-án ni ó là sílẹ̀ fún mi: bí ọwọ́ ṣe ń di ọ̀pá mú, bí ìdúró ṣe ń rí, ibi tí bọ́ọ̀lù yóò wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ibi tí orí ọ̀pá yóò wà nígbà tí a bá gbé e dé ìdajì ọ̀nà, bí ọrùn-ọwọ́ òsì yóò ṣe rí nígbà tí ọ̀pá bá dé òkè pátápátá, bí ìwúwo ara yóò ṣe kọ́kọ́ lọ sí ẹsẹ̀ òsì kí apá tó sọ̀ kalẹ̀, ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún yóò gbà kọjá, bí ọwọ́ ṣe gbọ́dọ̀ ṣíwájú bọ́ọ̀lù nígbà tí ọ̀pá bá kàn án, àti bí ó ṣe yẹ kí n dúró nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí.

Bí mo bá jókòó, mo lè ka mẹ́sẹ̀ẹ̀sán láìtàsé. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dúró sídìí bọ́ọ̀lù, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni yóò ṣẹlẹ̀: yálà kí n rántí ẹyọ kan, kí mẹ́jọ yòókù fò lọ, tàbí kí gbogbo wọn rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí ara mi sì le gbagidi bí òpó. Lánàá, mo dúró pẹ́ sídìí bọ́ọ̀lù kan débi pé ẹni tí ó wà lẹ́yìn mi béèrè bóyá ara mi yá. Mo ti gbìyànjú láti fa lẹ́tà àkọ́kọ́ inú kókó kọ̀ọ̀kan jáde kí n fi wọ́n ṣe ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó jáde kò jọ ohunkóhun, kí n sì tó pè é tán, ọ̀pá ti dé ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọgbọ́n wo ni ẹ̀yin ń dá?

Àgbà_Pápá kọ pé:

Ọmọ_Ẹ̀kọ́, ẹ kú iṣẹ́. Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ìrántí, ẹ jẹ́ kí a wo àkókò tí ẹ ní lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ọ̀pá bá ti kúrò nídìí bọ́ọ̀lù títí tí yóò fi padà kàn án, bí ìṣẹ́jú-àáyá 1 ni fún ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ eré náà dáadáa. Nínú rẹ̀, bíbọ̀ ọ̀pá láti òkè wá sílẹ̀ kò ju bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Bẹ́ẹ̀ ó ń gba ènìyàn tó ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ara rẹ̀ tó dáhùn sí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ rò ó wò: kí ẹ tó rántí ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún nígbà tí ọ̀pá ń bọ̀ nílẹ̀, bọ́ọ̀lù ti lọ. Ní ti ìgbà tí ojú ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù fi ń kan ara wọn, ìdajì nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan ni, kò sí ẹni tí ó lè ro ohunkóhun níbẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe pé iyè yín ra, iṣẹ́ tí ẹ ń bẹ iyè ni kò lè ṣe é. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yín, ìyẹn ìdìmú ọ̀pá, ìdúró, àti ipò bọ́ọ̀lù, kò ní í ṣe pẹ̀lú ìrántí rárá, nítorí pé ohunkóhun kò tíì mì nígbà náà. Ojú ni kí ẹ fi wò wọ́n. Ẹ wo ọwọ́ òsì yín, ẹ ka oríkèé ìka tí ẹ bá rí níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ni olùkọ́ fẹ́, tí ẹ sì rí i bẹ́ẹ̀, ó parí, ẹ má tún padà síbẹ̀ mọ́. Èyí tí ó kẹ́yìn, ìdúró ìparí, ẹ̀yìn ìgbà tí bọ́ọ̀lù ti lọ ni a ń yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ikùn yín kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀lù lọ, ṣé orí ọmọ-ìka nìkan ni ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró lé, ṣé ẹ lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 láìta gọ́ọ́gọ̀ọ́?

Ó wá ku márùn-ún. Nínú márùn-ún yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ gbé lọ sídìí bọ́ọ̀lù, kí ó sì jẹ́ èyí tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀pá ń lọ sókè, torí pé ibẹ̀ nìkan ni àyè wà fún èrò. Ẹni tí ó bá ń lé eku méjì yóò pòfo. Ẹ̀yin ń lé mẹ́sàn-án.

Ojú_Àmì kọ pé:

Èmi ó tilẹ̀ kọjá ibi tí Àgbà_Pápá dé. Kí ni ẹ fẹ́ fi ẹyọ kan náà ṣe? Ẹ wo ibi tí ẹ fẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ara ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Gabriele Wulf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1999, níbi tí àwọn tí kò mọ gọ́ọ̀fù rí ti ń kọ́ bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù kúkúrú sí ojú àmì. Wọ́n ní kí apá kan fi ọkàn sí bí apá wọn ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀, kí apá kejì sì fi ọkàn sí bí orí ọ̀pá ṣe ń ṣe é. Àwọn tí ó fi ọkàn sí ọ̀pá ni ó gbá a dára jù, kódà nígbà tí wọ́n padà wá láìsí ẹni tí ó ń rán wọn létí. Bí ẹ bá ń ro ìgbọ̀nwọ́, ẹ ó gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí ó ń ro ìgbọ̀nwọ́.

Jack Nicklaus, tí ó gba ìdíje ńlá 18, a máa wá àmì kékeré kan sórí koríko níwájú bọ́ọ̀lù rẹ̀, bóyá ewé tàbí ibi tí koríko ti pa àwọ̀ dà, tí ó wà lórí ìlà ibi tí ó ń lọ, yóò sì fi ìyẹn ṣe ìtọ́nà ìdúró rẹ̀. Ẹ fi irú ìyẹn rọ́pò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Ìyá_Onírin7 kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n Ojú_Àmì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, òótọ́ sì pọ̀ nínú ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn dára fún ẹni tí swing rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tàbí ẹni tí kò ní ọ̀kankan tẹ́lẹ̀. Ọmọ_Ẹ̀kọ́ ní èyí tí ó ti pé ọdún mẹ́ta lára rẹ̀. Bí ó bá kọjú sí àmì tí ó sì ní kí ara máa ṣe é lọ, ara yóò ṣe èyí tí ó mọ̀, nítorí pé swing àtijọ́ náà mọ ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù fi ń dé ibẹ̀, ìbáà tilẹ̀ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Mo sọ èyí láti inú ìrírí tèmi: ọdún kan ni mo fi ń yí tèmi padà, gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá sì ti wà nílẹ̀ níwájú mi ni èyí àtijọ́ máa ń jí dìde.

Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo ya iṣẹ́ náà sí ọ̀nà méjì. Níbi tí kò sí bọ́ọ̀lù, mo máa ń ronú nípa ara mi gan-an, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ó ń rìn nínú omi. Mo máa ń gbé ọ̀pá lọ sókè, mo ń dúró ní ibùdó mẹ́ta: nígbà tí ọ̀pá bá dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, nígbà tí ó bá dé òkè, àti nígbà tí ó bá tún bọ̀ wá dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ lójú ọ̀nà ìpadàbọ̀. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ́kọ́ pa ojú dé, mo máa ń sọ fún ara mi ibi tí mo rò pé ọ̀pá wà, lẹ́yìn náà ni mo ń la ojú wo dígí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ń ṣì í fẹ́rẹ̀ẹ́ nígbà gbogbo. Mo rò pé ọ̀pá mi kọjú sí ibi tí mo ń lọ, àṣé ó ti kọjá sẹ́yìn ìbàdí mi. Ohun tí ara sọ fún ènìyàn àti ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n ń rántí ọ̀rọ̀ olùkọ́, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rí lára.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ gbogbo ibi àyẹ̀wò di ìmọ̀lára kan, tàbí ohun kan tí mo lè fọwọ́ kàn. Fún ọrùn-ọwọ́ òsì, mo ki rúlà kan bọ abẹ́ okùn aago mi kí ó lè na sórí ẹ̀yìn ọwọ́. Bí ọrùn-ọwọ́ bá ti ṣẹ́ sẹ́yìn ní òkè, rúlà yóò gún mi lẹ́yìn ọwọ́, n kò ní láti rántí ohunkóhun. Fún ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún, mo lọ sẹ́bàá omi kan, mo sì ju òkúta pẹlẹbẹ sójú omi kí ó máa fò tókí-tókí lọ. Ìgbọ̀nwọ́ tí ó ṣíwájú ọwọ́ nínú jíju òkúta yẹn gan-an ni ti swing. Fún ìwúwo ara, mo pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, mo gbé ọ̀pá lọ sókè, mo sì gbé ẹsẹ̀ òsì sí apá ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kí ọ̀pá tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, “ju òkúta” ti tó mi; n kò nílò gbólóhùn gígùn nípa ìgbọ̀nwọ́ mọ́.

Ní ọ̀nà kejì, níbi tí bọ́ọ̀lù wà, mo tẹ̀lé Ẹ̀gbọ́n Ojú_Àmì pátápátá. Ẹ rí i pé “ju òkúta” kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa ara mọ́.

Ọwọ́_Òsì kọ pé:

Kí n kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ mi kalẹ̀: gbogbo yín ń sọ “ẹsẹ̀ òsì, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún” bí ẹni pé kò sí àwa tí ń fi òsì gbá a lórí ilẹ̀ ayé. Mo ń yí gbogbo rẹ̀ padà bí mo ṣe ń kà á, ó ti rẹ̀ mí.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un kò gùn. Lára ọ̀pọ̀ àwọn agbá-gọ́ọ̀fù ńlá, àkókò tí ọ̀pá fi ń lọ sókè tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí ó fi ń bọ̀ wá kan bọ́ọ̀lù. Èdè wa ti fún wa ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu: “gbé-e-lọ, gbá”. Sílébù mẹ́ta fún lílọ, ẹyọ kan fún bíbọ̀. Mo máa ń sọ ọ́ sínú nígbà tí mo bá ń gbá a, mo sì kíyè sí i pé ọkàn tí ó bá ń ka “gbé-e-lọ, gbá” kì í ráyè ka ibi àyẹ̀wò mẹ́sàn-án.

Ọmọ_Ẹ̀kọ́ kọ pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo lo “gbé-e-lọ, gbá” ní àárọ̀ yìí, bọ́ọ̀lù bí i mẹ́wàá sì fò lọ bí mo ṣe fẹ́ kí èyí àtijọ́ tó tún padà. Ìbéèrè méjì ni ó kù. Èkíní, báwo ni mo ṣe máa mọ èwo nínú márùn-ún ni kí n mú? Èkejì, ṣé mo lè kọ kókó yẹn sórí ìwé pélébé kan kí n máa wò ó nígbà ìdíje, àbí òfin kò gbà á?

Àgbà_Pápá kọ pé:

Ti òfin ni ó rọrùn jù. Òfin gọ́ọ̀fù gbà kí ẹ lo ohun tí ẹ ti kọ sílẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, títí kan àwọn ìmọ̀ràn lórí swing, nítorí náà ẹ fi ìwé yín sí àpò. Ohun tí kò gbà ni pé kí ẹ béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tí ẹ jọ ń díje, tàbí kí ẹ fi ọ̀pá kan lélẹ̀ láti tọ́ ìdúró yín sọ́nà bí a ṣe máa ń ṣe níbi ìdánrawò. Nínú ìdíje tí a ti ń ka iye gbígbá, méjì ni wọn yóò fi kún tiyín fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kádì yín, ìyẹn ẹni tí ó ń bá yín gbé ọ̀pá, nìkan ni ẹ lè bi léèrè.

Ní ti èwo ni kí ẹ mú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀lù, kí ẹ máa padà sẹ́yìn. Ibi tí ojú ọ̀pá kọ sí nígbà tí ó kan bọ́ọ̀lù ni ó ń pinnu púpọ̀ jù nínú ibi tí bọ́ọ̀lù yóò kọ́kọ́ gbà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ibi tí ojú ọ̀pá kọ sí àti ọ̀nà tí ọ̀pá ń gbà ni ó ń mú kí ó yà. Bí tiyín bá ń yà sí ọ̀tún, a jẹ́ pé ojú ọ̀pá yín ṣí sí apá ọ̀tún ju ọ̀nà tí ọ̀pá ń gbà lọ. Ta ni ó ń ṣí i? Ó lè jẹ́ ìdìmú ọ̀pá, ó lè jẹ́ ọrùn-ọwọ́ tí ó ṣẹ́ sẹ́yìn ní òkè. Bí ìdìmú kò bá dára, ẹ lè tún ọrùn-ọwọ́ ṣe títí di ọdún tí ń bọ̀, yóò máa padà ṣẹ́ ni. Èrò tèmi ni pé kí ẹ yanjú ìdìmú láìfi ìrántí sí i, bí mo ṣe wí, lẹ́yìn náà kí ọrùn-ọwọ́ jẹ́ ẹyọ kan yín. Ṣùgbọ́n olùkọ́ yín ni ó rí yín. Ẹ bi í pé èwo nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni ó ń bí àwọn yòókù. Bí kò bá lè dáhùn, ìyẹn náà jẹ́ ìdáhùn.

Fọ́nrán kọ pé:

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi fóònù yẹ ara rẹ̀ wò. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà sẹ́yìn yín láti wo ọ̀nà tí ọ̀pá ń gbà, ẹ jẹ́ kí ó ga tó ọwọ́ yín, kí ó sì dojú kọ ibi tí ẹ ń lọ gan-an. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì, swing tí ó dára yóò dà bí èyí tí kò dára, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Oṣù méjì ni mo fi bá àìsàn tí kò sí lára mi jà nítorí pé mo gbé fóònù lé orí àpò tí ó wà nílẹ̀.

Ìyá_Onírin7 kọ pé:

Ọmọ_Ẹ̀kọ́, ẹ sọ pé lẹ́yìn bí i mẹ́wàá ni èyí àtijọ́ padà. Ẹ má bẹ̀rù. Ọdún 1985 ni agbá-gọ́ọ̀fù Nick Faldo bẹ̀rẹ̀ sí í tún swing rẹ̀ kọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ David Leadbetter, ọdún 1987 ni ó sì tó gba The Open, ọ̀kan nínú àwọn ìdíje ńlá. Tiger Woods fi gbígbá 12 ṣíwájú gbogbo ènìyàn nínú Masters, ìdíje ńlá mìíràn, ní ọdún 1997, síbẹ̀ ó yí swing rẹ̀ padà lẹ́yìn ìyẹn pẹ̀lú olùkọ́ rẹ̀, Butch Harmon. Ìdíje PGA Tour kan péré ni ó gbà ní 1998, kí ó tó di pé ó gba mẹ́jọ ní 1999. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tiyín kéré.

Ohun mìíràn ni bí ẹ ṣe ń dánra wò. Mo fura pé ẹ ń fi ọ̀pá kan náà gbá bọ́ọ̀lù 50 léraléra. Ó dára fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ tí kókó kan ṣì jẹ́ àjèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ da á pọ̀: ọ̀pá onírin nọ́ńbà 7 lẹ́ẹ̀kan, dráífà (ọ̀pá tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà) lẹ́ẹ̀kan, bọ́ọ̀lù kúkúrú lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kúrò nídìí bọ́ọ̀lù láàárín wọn. Àwọn olùwádìí Shea àti Morgan fi hàn ní ọdún 1979, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tí kì í ṣe gọ́ọ̀fù, pé àwọn tí ó da ìdánrawò pọ̀ ń ṣe é burú jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ni ó rántí rẹ̀ jù lẹ́yìn náà. Kókó tí ẹ kò tíì gbàgbé kí ẹ sì tún wá a rí, kò tíì di tiyín.

Ojú_Àmì kọ pé:

Mo ti ka ohun tí Ìyá kọ, mo sì gbà pé mo yára díẹ̀. Ẹni tí ó ń yí swing padà nílò ibi àyẹ̀wò. N kò yí ẹnu padà ní ti ìdíje o: lọ́jọ́ ìdíje, àmì nìkan.

Ọmọ_Ẹ̀kọ́ kọ pé:

Mo padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti jábọ̀. Mo bi olùkọ́ mi léèrè èwo ni ó ń bí àwọn yòókù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìdìmú ni, bí Àgbà_Pápá ṣe wí, ó sì fi páálí bo ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán náà kí n má tún rí i. Nísinsin yìí, mo máa ń di ọ̀pá mú kí n tó súnmọ́ bọ́ọ̀lù, mo máa ń ka oríkèé ìka méjì àbọ̀, lẹ́yìn ìyẹn n kì í wo ọwọ́ mi mọ́. Rúlà inú aago ti gún mi tó ìgbà tí n kò lè kà, ṣùgbọ́n láti bí ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn kò gún mi mọ́ bí kò bá jẹ́ dráífà ni mo mú.

Níbi ìdánrawò, mo máa ń ṣe swing mẹ́ta láìsí bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ibùdó mẹ́ta ti Ìyá_Onírin7, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù ẹyọ kan pẹ̀lú “gbé-e-lọ, gbá”. Bọ́ọ̀lù kò pọ̀ mọ́ lójoojúmọ́, bí 40 ni, wákàtí kan sì ń lọ lórí wọn. Bọ́ọ̀lù mi ṣì ń yà sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, mo sì ti ń kọjú sí ibi tí mo ń lọ gan-an. Mo gbìyànjú láti gbé ìgbọ̀nwọ́ pọ̀ mọ́ ọrùn-ọwọ́ ní ọjọ́ Àìkú. Gbogbo rẹ̀ dàrú láàárín bọ́ọ̀lù mẹ́ta, mo sì yára gbé ìgbọ̀nwọ́ padà síbi tí mo ti mú un. Ọjọ́bọ̀ ni mo tún ń lọ sọ́dọ̀ olùkọ́. Dráífà ni a fẹ́ wò. N kò ní mú rúlà náà kúrò kí ó tó ṣíwọ́ gígún mi níbẹ̀ pẹ̀lú.